Mo Fi Ọwọ́ Mímọ́ Hú Ọgbà Àjàrà Bàbá Gratien

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni inú ti ń bí mi, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè dojú ìbínú náà kọ.

Maylis ni orúkọ mi. Peyrous, abúlé kékeré kan lórí òkè ní Gascogne, nílẹ̀ Faransé, ni ilé wa. Ọtí pupa là ń ṣe, ọtí tó le bí ọ̀rọ̀ òtítọ́. Bí ẹ bá mu ún nígbà tó ṣì kéré, á fa ẹnu yín pọ̀ bí ẹni jẹ èèpo àsálà tútù. Bí ẹ bá ní sùúrù, tí ẹ gbé e pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa wá ẹni tí ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Gratien, ló kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́ ọ wò. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ti kú tipẹ́, nítorí náà òun ni mò ń pè ní Bàbá.

"Má bi ọtí kékeré léèrè ohun tó jẹ́ lónìí," ni ó máa ń sọ fún mi. "Egungun ló ṣì jẹ́. Wá ẹran tó wà lẹ́yìn egungun náà."

Èmi ní tèmi, ìrẹ́jẹ ni ọ̀tá mi. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá Òdodo. N kò sì bínú sí orúkọ náà. Mo rò pé ó yẹ mí.

Níbi ìpàdé àwa àgbẹ̀ àjàrà, mo dìde, mo gbé ohùn sókè. Ẹ ní láti mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọtí kan kò gbọdọ̀ gbé orúkọ òkè wa sára ìgò àfi bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún bá tọ́ ọ wò láìmọ ẹni tó ṣe é, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì gbà á wọlé. Mo ní ẹ̀tàn ni. Mo ní àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń dá ọtí ará ilé wọn mọ̀, wọ́n sì ti ń gbà á wọlé kó tó kan ahọ́n wọn.

"Ta lo rí tó ṣe bẹ́ẹ̀?" Dabadie ló bi mí. Aládùúgbò Bàbá ni, ọmọ ìgbìmọ̀ sì ni, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń bá àwọn oníṣòwò tọ́ ọtí wò.

"Gbogbo yín ni mo rí!"

"Àní ẹni tó ń sùn nídìí ògiri yẹn?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Màdáámù Sarthou, alága ìgbìmọ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ó dáa," ó wí. "Àyè kan ṣófo nínú ìgbìmọ̀. Wá jókòó síbẹ̀, kí o wá kọ́ wa ní òdodo."

Báyìí ni mo ṣe di adájọ́ ọtí.

Lọ́dún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ le nílé Bàbá. Lilian, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ hú àjàrà orí ilẹ̀ olókùúta, èyí tí bàbá Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Èmi àti wọn la jọ ń jẹun nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá, ta ló tún ń dúró de ọtí fún ọdún mẹ́wàá láyé yìí?" Lilian wí. "Wọ́n á ra ìgò lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti tán lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ní ọmọ. Kíwì ni mo fẹ́ gbìn."

"Kíwì? Èso onírun yẹn?"

"Onírun ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́."

"Àwọn èèyàn ń jẹ ìgbín náà. Ṣé wàá gbìn ín?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ fi agbára mú ọmọ òun. Ó na ọwọ́ sí Lilian.

"Jẹ́ kí ọtí tí mo fi àjàrà ibẹ̀ ṣe lọ́dún yìí dá ẹjọ́ náà. Bí ìgbìmọ̀ bá fún un lórúkọ òkè wa, o kò ní fọwọ́ kan àjàrà yẹn títí o fi máa kú. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ilẹ̀ di tìrẹ. Gbin ohun tó bá wù ọ́ síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbín."

Wọ́n bọ ọwọ́ lójú mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé n kò mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìtọ́wò dé. Àwa márààrún jókòó, korobá tí a ó máa tu ọtí sí bí a bá ti tọ́ ọ wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú fún àwọn ìgò. Màdáámù Sarthou tún òfin kà fún wa.

"Ẹni tó bá ṣe ọtí kan, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, kí ó jáde. Ẹni tó bá sì dá ọtí kan mọ̀, ìbáà ṣe láti inú òórùn rẹ̀, kí ó sọ ọ́, kí ó yẹra fún ife náà. A ó pe ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

N kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, nítorí náà n kò dìde.

Ife mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá láìsí wàhálà. Wọ́n bu ìkẹrin. Mo gbé e sí imú, ọwọ́ mi sì dúró sójú kan.

Irin. Èso dúdú tí oòrùn ti sá. Òórùn òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo mọ òórùn yẹn bí mo ṣe mọ òórùn aṣọ Bàbá. Mo bù ú sẹ́nu. Ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì pọ̀, ó gbẹ eyín mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn líle yẹn, ẹran wà. Ẹran wà gan-an! Mo ti tu ọtí náà nù tipẹ́ kí adùn rẹ̀ tó kúrò lọ́fun mi.

Ọtí dáadáa ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo dá èyí mọ̀." Ẹnu mi sì ti ń là. Mo wá rí Dabadie tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ife tirẹ̀, mo sì pa ẹnu dé. Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á mọ̀ pé ọtí Bàbá ni. Wọ́n á ní, "Ìyá Òdodo ti bẹ̀rẹ̀ o!" Bí mo bá sì gbà á wọlé, tí àṣírí tú lọ́la, mo di ohun tí mo bú.

Ni ẹ̀tàn bá bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni rere. Ó ní: "Ṣe ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè ṣe láé. Má ṣojúsàájú ẹ̀jẹ̀ rẹ."

Màdáámù Sarthou bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dabadie ní, "Ó le bí ìyàwó àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ gidi ni. Ẹ lọ tì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Mo gbà á."

Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ọtí nílùú mi orí. "Bí mo bá tà á fún oníbàárà, á ju ìgò náà lù mí. Mo kọ̀."

Olùkọ́ kan tó wà láàárín wa kọ̀ pẹ̀lú. Màdáámù Sarthou fúnra rẹ̀ gbà á. Ó di méjì sí méjì. Wọ́n yíjú sí mi.

"Kì í ṣe ọtí," mo wí, ohùn mi sì dúró ṣinṣin. "Tàdáwà ni. Líle ni gbogbo rẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́."

"Tàdáwà kẹ̀!" Dabadie fi ife sílẹ̀. "Maylis, ṣé ara rẹ yá lónìí? Tún un tọ́ wò."

"Mo ti tọ́ ọ wò."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí: nígbà tí mo jáde síta, àyà mi yọ síwájú. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣe akin. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Tèmi burú ju ìyẹn. Mo rí ará ilé mi, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí n tó sọ òkò.

Ní ilé ìdáná Bàbá ni ìròyìn ti bá wa. Mò ń ṣa ẹ̀wà funfun fún ọbẹ̀. Fóònù dún, Lilian tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní wọ́n kọ ọtí náà, nítorí pé ó le jù, kò sì dọ́gba.

Bàbá jókòó. Mo rò pé Lilian máa yọ̀. Kò yọ̀.

"Bàbá, ẹ béèrè fún àtúntọ́wò," ó wí. "Ẹ̀tọ́ yín ni. Ìgbìmọ̀ mìíràn ni yóò tọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ni kí ẹ ṣáà ti béèrè."

"Rárá."

"Kí ló dé? Ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bá yín jà bó ṣe yẹ!"

"Maylis wà lára àwọn tó tọ́ ọ wò," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Ẹnu tí mo fúnra mi kọ́. Bí ọtí mi bá kọjá lórí ahọ́n yẹn, tí kò sì rí ààbò níbẹ̀, ọtí náà ni kò dára. Mo ti darúgbó, imú mi ń tàn mí jẹ ni."

Ó wò mí. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Òfin kò gbà wá láyè láti sọ ohun tí a bá sọ níbẹ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. N kò bi ọ́."

Ṣé ẹ rí i? Òfin tí mo tẹ̀ lójú nígbà tó yẹ kí n pa á mọ́, òun ni mo wá sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo dé ẹnu ọ̀nà Bàbá léraléra. Mo bá a lórí ilẹ̀ olókùúta, àkókò tí a máa ń gé ẹ̀ka àjàrà ti dé, ṣùgbọ́n kò mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ dání.

"Ẹ kò ní gé e ni?"

"Ta ní ń gé irun òkú?"

Ó yẹ kí n wólẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Òtútù mú, Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé." Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ní wọ́n á lé mi kúrò nínú ìgbìmọ̀, ta ni yóò wá máa ṣọ́ òdodo níbẹ̀? Irú ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ báyìí ni mò ń fi tu ara mi nínú títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé, tí ó sì kọjá. Lilian buwọ́ lu ìwé húhú pẹ̀lú ìjọba. Ó ra igi kíwì kéékèèké sílẹ̀.

Bàbá ní òun kò ní jẹ́ kí àjàrà náà lọ láìsí ìdágbére. Ó sè fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ọ̀rá rẹ̀ sè é wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, Dabadie náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò.

Bàbá sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó gbé ìgò kan bọ̀ tí eruku ti bo gbogbo ara rẹ̀. Láti ilẹ̀ olókùúta yẹn kan náà ni, ó ti ṣe é kí Lilian tó lọ iléèwé. Ó tan àbẹ́là sẹ́yìn ọrùn ìgò, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà bá a wá.

A mu. Gbogbo líle yẹn ti di aṣọ àrán. Lilian pàápàá di ojú rẹ̀.

Dabadie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbóòórùn ife rẹ̀, ó mu, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Gratien, mo mọ ọtí yìí. Mo ti pàdé ọmọ rẹ̀." Ó lu tábìlì. "Ife kẹrin! Àní ife kẹrin ni! Irin yẹn, òkúta yẹn! Ọtí rẹ ni?"

"Ife kẹrin wo?" Bàbá béèrè.

"Èyí tí èmi gbà, tí Sarthou gbà." Dabadie yíjú sí mi, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ìwọ lo pa á! Méjì sí méjì la wà. Ìwọ lo ní tàdáwà ni, tí o ní kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀!"

"Ẹ kò gbọdọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀," mo ké bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn.

"Kí wọ́n wá mú mi!"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, Dabadie dákẹ́. Bàbá kò pariwo. Ó ṣe mí bíi pé kí ó pariwo.

"Maylis. Ṣé o mọ̀ pé tèmi ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí o tó tọ́ ọ wò, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Láti inú òórùn rẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ó dára?"

Mo gbé ife sílẹ̀. "Ó dára. Ẹran wà lẹ́yìn egungun. Mo kàn fẹ́... n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ṣojúsàájú."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ká ní o kọ̀ ọ́ nítorí pé kò dára, màá gbé ọ mọ́ra. Ṣùgbọ́n o kò tọ́ ọtí mi wò rárá. Orúkọ ara rẹ lò ń tọ́ wò."

Lilian dìde, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. "O jókòó níbí! O ń ṣa ẹ̀wà níbí nígbà tí mo ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n béèrè àtúntọ́wò! Ṣé o rò pé mo fẹ́ fi ọ̀nà èrú gba ilẹ̀ bàbá mi?"

Ọkùnrin tí mo ti ń fojú olójúkòkòrò wò ló ṣe òdodo jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Màdáámù Sarthou, mo jẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fagi lé ìbò mi.

"Àsìkò ti kọjá," ó wí.

"Ṣùgbọ́n mo rú òfin! Ìrẹ́jẹ ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ lo ṣe é. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn fún Gratien nítorí pé ìwọ ń sunkún, kí ni màá sọ fún ẹni tí kò ní ọmọ tó lè wá sunkún níbí?"

Gbogbo ohun tí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí ló kó sí gbólóhùn kan, tó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo sáré lọ bẹ Lilian. Ó ní ká ní òun gbọ́ ṣáájú, òun ìbá dúró. Ìwé ti wọlé, ẹ̀rọ ń bọ̀. Mo bẹ Bàbá pé kí ó kọ̀ jálẹ̀. Bàbá ní òun ti bọ ọwọ́ pẹ̀lú ọmọ òun, ọwọ́ náà kò sì sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ kankan. Inú bí mi sí i débi pé mo lọgun. Bí èèyàn ṣe ń ṣe olóòótọ́ títí tó fi ń pa ara rẹ̀ lára, kò yé mi.

Ẹ̀rọ náà dé kí ìgbà òtútù tó parí. Gbòǹgbò àjàrà àtijọ́ kì í jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń ké.

Bàbá da ọtí tí wọ́n kọ̀ náà sínú ìgò. Kò sí orúkọ òkè lára rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní èmi ni màá máa bá òun tà á ní ọjà ọjọ́ Sátidé. Kò sọ pé òun ń fìyà jẹ mí, kò sì sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó kàn gbé àpótí lé mi lọ́wọ́.

Obìnrin kan dúró níwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé agbọ̀n dání. Ó tọ́ ọtí náà wò, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ó mà le o!"

"Ó le," Bàbá dáhùn. "Ẹ gbé e sábẹ́ ilẹ̀ fún bí ọdún méjìlá."

Obìnrin náà tún mu díẹ̀. Ó dúró. Mo rí i nígbà tí adùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó wo inú ife náà bí ẹni pé ẹnì kan pè é láti ibẹ̀.

"Ẹ fún mi ní mẹ́fà," ó wí. "Ní gbogbo ọdún ni màá máa wá ra mẹ́fà lọ́wọ́ yín."

Bàbá ń di ìgò náà sínú páálí. Kò gbé ojú sókè. Ó ń dúró de mi.

"Kò ní sí lọ́dún tó ń bọ̀, Màdáámù," mo wí. "Kò ní sí mọ́ láé. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n hú u."